Iyọ̀ Kì Í Mú Aró Dúró Lára Àdìrẹ

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, oníbàárà mi kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó gbé báàgì ọ̀rá kan lé orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Bùbá funfun ọkọ rẹ̀ ló fà yọ nínú rẹ̀, bùbá tí èmi fúnra mi rán lóṣù méjì sẹ́yìn. Kò funfun mọ́. Aró ti ta sí i lẹ́yìn, ó ta sí i lápá, ibì kan ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀, ibì kan kàn rí wúruwùru. Àdìrẹ tuntun ló fọ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe wá kó àdìrẹ pọ̀ mọ́ funfun?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Ṣebí mo ti fi iyọ̀ rẹ ẹ́ mọ́jú kí n tó fọ̀ ọ́. Odindi ife kan!"

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tó ń ta àdìrẹ á sọ ọ́ fún yín bó ṣe ń ká aṣọ sínú ọ̀rá. Àǹtí yín á fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí: ẹ da iyọ̀ sómi, ẹ rẹ aṣọ náà mọ́jú, kò ní ṣí láéláé. Àwọn mìíràn á ní kẹ́ ẹ fi fínígà kún un, bí ìgbà tí aṣọ fẹ́ di sàláàdì. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń ránṣọ ní Abẹ́òkúta yìí, n ò tíì rí àdìrẹ kan ṣoṣo tí iyọ̀ gbà là. Ohun tí mo ń rí ni àwọn èèyàn tó fọkàn tán iyọ̀, tí wọ́n ba aṣọ mìíràn jẹ́, tí wọ́n wá bínú sọ àdìrẹ náà sísàlẹ̀ àpótí, tí wọ́n tún gba ọjà Ìtòkú lọ ra òmíràn. Aṣọ tó lè lo ọdún mẹ́wàá lára wọn ni wọ́n ń pa tì bẹ́ẹ̀.

Mo dán an wò fúnra mi. Ní àkókò ọyẹ́ tó kọjá, mo ra àdìrẹ aláró dúdú yáàdì méjì, mo sì gé ègé mẹ́ta kúrò lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó áńkáṣíìfù. Mo rẹ ti àkọ́kọ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú, ife iyọ̀ kan sí ìlàjì bókẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń wí. Mo rẹ ìkejì mọ́jú sínú omi lásán. Ìkẹta, n ò rẹ ẹ́ rárá: mo kàn ń ṣàn án nínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, mo ń da omi nù, mo ń pọn òmíràn, títí omi fi mọ́. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo ṣàn án. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yọjú wo àwọn bókẹ́ẹ̀tì. Mo ní láti sọ òótọ́: omi iyọ̀ mọ́ ju omi lásán lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo pé, "Ẹ ò rí i báyìí, mọ̀ọ́mi, iyọ̀ ń ṣiṣẹ́!" Mo ní kó fara balẹ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ, mo gán ègé aṣọ òwú funfun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, mo sì fọ̀ wọ́n nínú abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, omi lásán àti ọṣẹ, ààbọ̀ wákàtí. Mo yọ okùn tí mo fi gán wọn, mo tẹ́ àwọn funfun náà sórí tábìlì láìsọ èwo ni èwo, mo wá pe ọmọ iṣẹ́ mi pé kó mú ti iyọ̀ fún mi.

Ti omi lásán ló mú.

N ò dá a lẹ́bi, torí méjèèjì ti di búlúù, èmi tí mo mọ̀ ọ́n gan-an ní láti wo àmì tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sí létí wọn. Ìkẹta tí mo ṣàn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, àfi kẹ́ ẹ gbé e sójú oòrùn kẹ́ ẹ tó rí i pé nǹkan kan kàn án. Nítorí náà, ohun tí iyọ̀ ṣe lóru ni pé kò jẹ́ kí aró náà tú dáadáa sínú omi. Kò dè é mọ́ ara òwú. Bí omi tí kò níyọ̀ ṣe kàn án, ó tún jáde. Ẹni tó bá wá fi bókẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn ṣe ẹ̀rí, tó rò pé iṣẹ́ ti parí, òun ló ń kó funfun ọkọ rẹ̀ wá bá mi.

Kí ló dé tí iyọ̀ ò lè dè é? Ìyá àgbà tó bí ìyá mi, aláró ni ní Kẹ́mta. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èékánná rẹ̀ dà bí ẹni pé ó fi í walẹ̀ èédú. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sá a sóòrùn. Omi eérú ni wọ́n á fi rẹ ẹ́ nínú ìkòkò, á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ bíi mélòó kan, á kan, á máa rùn. Òórùn yẹn ṣì wà nímú mi títí dòní. Tí ìyá àgbà bá ti aṣọ bọ inú aró tó sì fà á jáde, kì í dúdú. Ó máa ń rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n ni. Á wá nà án sí afẹ́fẹ́, àwọ̀ ewé yẹn á sì máa yí padà lójú wa, díẹ̀díẹ̀, títí á fi di búlúù. Àwa ọmọdé máa ń jókòó wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Lẹ́yìn náà á tún tì í bọ inú ìkòkò, á tún nà án, àtúnṣe lórí àtúnṣe. Dúdú tí ẹ̀ ń rí lára àdìrẹ àtijọ́, ìtìbọ̀ púpọ̀ ló mú un wá.

Ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí wà. Aró èlú kì í yọ́ nínú omi. Kó tó lè wọ inú òwú, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí kíkan àti omi eérú ń ṣe nínú ìkòkò nìyẹn. Nígbà tí aṣọ bá jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á padà bá a, aró náà á tún di ohun tí omi ò lè tú, á sì há sínú okùn aṣọ. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe àdìrẹ lónìí ń lo aró òyìnbó, kọ́sítìkì sódà rọ́pò omi eérú, hydrosulphite, kẹ́míkà tó ń gba ọ́síjìn, rọ́pò kíkan, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Iyọ̀ kì í gba ọ́síjìn, kì í fúnni ní ọ́síjìn. Kí ló wá fẹ́ ṣe níbẹ̀? Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Ẹ ò gbọ́ kí wọ́n ní iyọ̀ ni agbe fi ń wẹ̀.

Kí wá ni èyí tó ń jáde tí ẹ bá fọ̀ ọ́? Èyí tí kò ráyè wọlé ni, tó kàn jókòó sójú aṣọ. Ẹni tó bá ń kánjú á ti aṣọ bọ inú aró tó le gan-an lẹ́ẹ̀kan péré dípò ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò ní ṣàn án dáadáa, torí aṣọ tí wọn ò ṣàn dúdú lójú oníbàárà ju èyí tí wọ́n ṣàn lọ. Ẹ̀yin lẹ máa wá ṣàn án nílé. Ẹjọ́ aró tí kò dára kì í kúkú ṣe tuntun nílùú yìí. Ní 1936, àwọn aláró Abẹ́òkúta bá Aláké Adémọ́lá Kejì fà á gidigidi, nítorí òfin tó ní kí wọ́n má lo kọ́sítìkì sódà àti aró òyìnbó mọ́, tí wọ́n ní òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tó wọ inú ìkòkò ni wọ́n ń jà lé lórí. Kò sẹ́ni tó jà lórí bókẹ́ẹ̀tì afọṣọ.

"Ìyá mi ló kọ́ mi." Mo gbọ́. Ìyá yín ló tún kọ́ yín pé ẹni tó bá súfèé lóru ń pe ejò. "Mo ṣe é, kò sì ṣí." Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ta á ti ṣàn án dáadáa, kò sì níí ṣí bẹ́ ẹ tilẹ̀ fi ṣúgà rẹ ẹ́.

Ó dáa, mo gbà pé iyọ̀ níṣẹ́ tirẹ̀ nínú aró. Oríṣi aró kan wà fún aṣọ òwú tó jẹ́ pé ẹni tó ń rẹ aṣọ láró máa ń da iyọ̀ sí i lórí iná, kí aró lè fi omi sílẹ̀ kó lọ bá òwú. Inú ìkòkò aláró nìyẹn, ní ọjọ́ tí wọ́n ń pa á láró. Bóyá ibẹ̀ ni ìròyìn náà ti ṣí wá. Fínígà ní tirẹ̀, aró irun àgùntàn àti sílíkì ló ń bá ṣiṣẹ́, ta ló sì ń wọ irun àgùntàn ní Lafẹ́nwá? Sányán tó jẹ́ sílíkì wa gan-an, àwọ̀ tí kòkòrò rẹ̀ fún un là ń wọ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àdìrẹ tẹ́ ẹ ní pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣàn án lóun nìkan nínú omi tútù títí omi á fi mọ́, bó gba ẹ̀ẹ̀mẹwàá kó gbà á. Ẹ má rẹ ẹ́ sílẹ̀ mọ́jú, torí ibi tó bá ti ká lé ara rẹ̀ ni aró á ti ta sí ara wọn. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó sá a, ẹ sì sá a síbòòji. Oòrùn tó ń mú Olúmọ gbóná yìí ń jẹ aró ju ọṣẹ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí blíìṣì sún mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá sì wọ̀ ọ́ lọ sóde wákàtí méjì péré, ẹ kàn fi í kọ́ kó gba afẹ́fẹ́, kò pọn dandan kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́.

Èyí tó bá sì ti ṣí, ẹ tún un pa láró. Àwọn ìyá wa ò kì í ju àdìrẹ tó ṣí nù, wọ́n ń gbé e padà fún aláró ni. Mo ní ìró kan tó ti lo ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún un pa láró, àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà sára rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi ju bó ṣe wà nígbà tí mo rà á. Àwọn aláró ṣì wà ní Kẹ́mta tó ń gba aṣọ ẹyọ kan.

Ibẹ̀ náà ni mo gbé bùbá funfun ọkọ ẹ̀gbọ́n yẹn lọ. Mo ti tẹ̀ ẹ́ wò, òwú gidi ni, kì í ṣe pọlisítà, torí pọlisítà kì í gba aró yẹn. Mo ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n pé òwú ìránṣọ tí mo lò kò ní gbà á, torí pọlisítà ni òwú ìránṣọ tí gbogbo àwa télọ̀ ń lò báyìí. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Bùbá náà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dúdú kirikiri, gbogbo ojú ìránṣọ mi sì funfun yọ lára rẹ̀, láti ọrùn dé etí ọwọ́, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn kedere, títí kan ibì kan lábẹ́ abíyá tí mo ti ránṣọ wọ́. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa bẹ̀bẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ lánàá, ó sì pè mí nírọ̀lẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń béèrè iye tí mo ń gbà láti ṣe irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ sí aṣọ lára.