Ta ló máa san owó iná sẹ́fà AI?

Ẹni tó kọ ọ́ síbí pé oníṣòwò tí kò bá tètè ra sẹ́fà AI tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí AI ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, á kù sẹ́yìn, ó jọ pé kò gbé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Sẹ́fà DGX H100 ti Nvidia kan ṣoṣo, tó ní GPU (káàdì tó ń ṣe ìṣirò fún AI) 8 nínú, lè jẹ iná tó ju kílówáàtì 10 lọ, ooru rẹ̀ sì kọjá ohun tí fáànù inú yàrá lè bá jà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kọ̀ǹpútà mi tó ní káàdì àwòrán kan péré, bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án, ínfátà á ti máa ké pì-pì kí n tó parí ìwé ìpè ìgbéyàwó ẹnì kan. Àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele tó ń san owó iná jù, pàápàá, wákàtí 20 lójúmọ́ ni ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn. Sẹ́fà fẹ́ 24.

Ẹ̀gbọ́n tó sọ lókè yẹn pé sólà á yanjú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò ó. Pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 500, ó lé ní 20 kó tó gbé e, ìyẹn nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín o. Alẹ́ ńkọ́? Ti ilé-iṣẹ́ Cassava Technologies tó kéde ní 2025 pé àwọn ń kó GPU Nvidia lọ sí Gúúsù Áfíríkà, kí wọ́n tó mú un dé Nàìjíríà, ni mo fara mọ́: kí wọ́n gbé e síbi tí iná wà, ká máa yá a lò ní wákàtí-wákàtí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gba náírà o, torí káàdì báǹkì tèmi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ dọ́là rárá.