Ẹ má fi agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ra típà fún òkè Èkìtì

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde lónìí. Ẹni tó bá ti rí owó kó jọ díẹ̀ ní Èkìtì báyìí, típà ló fẹ́ rà, ìbéèrè tó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Èwo ló lágbára jù?" Àwọn tó ń dá a lóhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà agbára ẹṣin fún un: 371, 380, 420. Ẹnì kankan kì í bèèrè bí ọkọ̀ náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹnì kankan kì í bèèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà tó máa jókòó sídìí rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wá já mọ́ dírẹ́bà lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹrù gíráńáítì lẹ́yìn, gbogbo ayé á ní bíréèkì ló já. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é, àwọn kan á ní paraga ni dírẹ́bà mu. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, ẹlòmíì á tún lọ ra típà tó lágbára jù.

Bíréèkì kì í dédé já. Agbára wà fún gígun òkè. Ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ kéré á máa rọra fà, èéfín dúdú á bo ọ̀nà, àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n á dókè. Sísọ̀ ló ń pa èèyàn. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù láti Adó gba Ìyìn, Ìgède, Arámọkọ dé Ìtàwúrè, tó kọjá Ẹ̀fọ̀n títí wọ Ìwàràjà, kò nílò àlàyé lọ́wọ́ mi.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Dírẹ́bà gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí òkè, kò gbé e kúrò. Láínì, ìyẹn ohun tí bíréèkì fi ń tẹ dúrọ́ọ̀mù tó ń bá táyà yí, á gbóná, dúrọ́ọ̀mù náà á gbóná, bí irin dúrọ́ọ̀mù bá sì ti gbóná, ńṣe ló ń fẹ̀. Láínì á wá ní láti rìn jìnnà sí i kó tó kàn án, ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti bíréèkì á yọ gùn títí dé òpin rẹ̀, kò sì ní sí agbára kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ ṣì kún táǹkì, ojú gééjì ṣì dára, ẹsẹ̀ dírẹ́bà ṣì wà lórí pẹ́dà, ọkọ̀ ò sì dúró. Kò sí ohun tó já níbẹ̀. Ooru ló gba bíréèkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí òkè lèèyàn ti ń yan jíà, kì í ṣe àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Jíà tí ọkọ̀ náà máa fi gun òkè yẹn pẹ̀lú ẹrù tó wà lẹ́yìn ni kó fi sọ̀, ó tilẹ̀ dáa kó fi ẹyọ kan wálẹ̀ sí i. Kó tan ẹ̀sọ́ọ̀sì bíréèkì, èyí tó ń dí ọ̀nà èéfín ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè falẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké dáadáa láìwọ pupa ojú gééjì, nítorí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré ni ẹ̀sọ́ọ̀sì bíréèkì lágbára. Bíréèkì ẹsẹ̀ á wá jẹ́ títẹ̀ ṣinṣin fún ìgbà díẹ̀, kí ìyára wálẹ̀, kó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò kí dúrọ́ọ̀mù lè fẹ́ atẹ́gùn.

Àwọn tó ń fi jíà sí fíríì kí wọ́n lè ṣẹ́ epo kù, ẹ dẹ́kun. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí tọ́tù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pọ́ǹpù máa ń sé epo pátápátá, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Inú fíríì ni ẹ́ńjìnnì ti ní láti mu epo kó má bàa kú. Ẹ ò ṣẹ́ epo kankan kù, ẹ sì ti ju bíréèkì tó dára jù nínú ọkọ̀ nù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ báyìí.

Howo 371 ló kún gbogbo ibi ìfọ́kúta báyìí. Ẹni tó bá ní ti Ṣáínà ni, ayédèrú ni, kó lọ wo ibi tí ẹ́ńjìnnì WD615 ti ṣẹ̀: Steyr ti Ọ́sítíríà ni wọ́n ti gba àwòrán rẹ̀. Lítà 9.7 ni, sìlíńdà mẹ́fà, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló sì ní orí tirẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù gáàsìkẹ́ẹ̀tì bá jóná ní nọ́ńbà 4, orí nọ́ńbà 4 nìkan ni wọ́n máa tú. Pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà, irin ló ń bá irin sọ̀rọ̀, mẹkáníìkì Adó lè ṣí i. Àlàfo fáàfù rẹ̀ ni 0.30 níbi ìwọlé àti 0.40 níbi ìjáde, ní mìlímítà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹni tó ní gééjì pelebe tó sì ní sùúrù lè ṣe é lábẹ́ igi. Bíréèkì afẹ́fẹ́ ló ní, pẹ̀lú sípíríǹgì ńlá tó máa di táyà ẹ̀yìn mú fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá tán. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, n ò fi pamọ́.

Ohun tí àwọn olówó ń ṣe fún un ló burú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ lórí rẹ̀ gùn ní mítà 5.6, ó fẹ̀ ní 2.3, ó ga ní 1.5. Kúbíìkì mítà 19 lé díẹ̀ nìyẹn. Kúbíìkì gíráńáítì fífọ́ kan tó tọ́ọ̀nù 1.5, ẹrù nìkan ti ń lọ sí tọ́ọ̀nù 29. Bó bá jẹ́ yanrìn tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lódò, kúbíìkì kan ti fẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì, ẹ ṣírò ìyẹn fúnra yín. Ọkọ̀ òfìfo fúnra rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 12. Ìwé rẹ̀ sì sọ pé ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀ kò yẹ kó ju tọ́ọ̀nù 25 lọ. Síbẹ̀ ẹ ṣì ń so pákó mọ́ etí bọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè gbà sí i!

Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀, jíà kéékèèké wà níbẹ̀ tó ń dín ìyípo kù, epo tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bí síìlì họ́ọ̀bù bá ti rẹ̀, epo yẹn á rìn sórí láínì bíréèkì. Láínì tó bá ti mu epo kò wúlò mọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ dá a padà. Ẹ máa wo inú rííìmù láàárọ̀: bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń dán, tí eruku lẹ̀ mọ́, epo họ́ọ̀bù ni. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Abẹ́ táǹkì kọ̀ọ̀kan ní òrùka tí wọ́n ń fà láti tú omi dànù. Ẹ fà á lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bó bá jẹ́ omi funfun ló jáde, kò burú. Bó bá jẹ́ epo dúdú, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti ń ti epo wọlé, epo yẹn ló sì ń jẹ rọ́bà inú bíréèkì.

Èyí tó ń mú orí mi gbóná jù ni pípa bíréèkì táyà kan. Rọ́bà inú bíréèkì ti ya ní táyà kan, afẹ́fẹ́ ń sá, ọ̀gá ọkọ̀ ò fẹ́ kí ọkọ̀ sinmi kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, mẹkáníìkì á wá di páìpù ibẹ̀ pa. "Ẹ máa lọ, ó ku márùn-ún." Márùn-ún wo? Ọkọ̀ tí bíréèkì ò ṣe déédéé lápá ọ̀tún àti òsì á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ìgbà òjò á yí padà lójú ọ̀nà, àwọn tó kù á sì ṣe iṣẹ́ tiwọn pọ̀ mọ́ ti èyí tó kú, ooru ọ̀hún á tètè dé. Àwọn kan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á fi bóòtù gígùn ká sípíríǹgì bíréèkì ẹ̀yìn pa nígbà tí afẹ́fẹ́ tán, wọ́n á gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, wọn ò ní tú u mọ́. Ọkọ̀ yẹn ò ní háńdì bíréèkì mọ́ o. Dírẹ́bà tuntun tí wọ́n bá gbé e fún kò sì ní mọ̀, àfi tó bá lọ sí abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó. Ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ní ti Mercedes 911, n ò bá ẹni tó ń pè é ní irin àtijọ́ jà. Ó ti gbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Howo wọ àwọn ojúlé kan ní Òkè-Ìlà tàbí ẹ̀yìn Baṣírí kẹ́ ẹ wò ó. 911 á wọlé, á yí, á da yanrìn síbi tí bíríkìlà fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Kò ní tọ́bò tó máa jó, ọmọ iṣẹ́ tó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó sì tò ó padà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ohun tó lè ṣe: tọ́ọ̀nù 9 lápapọ̀, agbára ẹṣin 110. Ẹrù inú rẹ̀ kò yẹ kó ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ.

Bíréèkì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Epo bíréèkì ló ń ti láínì, afẹ́fẹ́ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bí páìpù epo bá ya, kò sí sípíríǹgì kankan tó máa di táyà mú bíi ti Howo. Háńdì bíréèkì rẹ̀ sì ti kú lára ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìdí nìyẹn tí mọ́tọ̀ bọ́ì fi ń fi igi sá tẹ̀lé ọkọ̀ lórí òkè, kó lè sọ ọ́ sábẹ́ táyà. Ọmọ èèyàn kọ́ ló yẹ kó jẹ́ háńdì bíréèkì. Ẹ̀yin tó sì ń da epo ẹ́ńjìnnì tàbí omi ọṣẹ sí táǹkì epo bíréèkì nígbà tó bá gbẹ lọ́nà: epo ẹ́ńjìnnì ń wú rọ́bà inú sìlíńdà, á há, láínì á máa fa dúrọ́ọ̀mù láìtẹ̀ ẹ́, omi á sì hó di atẹ́gùn nígbà tó bá gbóná, pẹ́dà á rì wọlẹ̀. Nítorí náà, 911 fún inú Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìdó. Kì í ṣe fún Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ẹrù.

Mack lágbára, fírémù rẹ̀ kì í tètè tẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì wà níwájú dírẹ́bà, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kan ògiri. Àmọ́ imú gígùn yẹn ń bo ọmọdé tó bá dúró níwájú ọkọ̀, ó sì nílò ààyè láti yí. Bó bá wá pẹ̀lú bíréèkì inú ẹ́ńjìnnì, ẹ má jẹ́ kí rìwáyà gé wáyà rẹ̀ nítorí ariwo. MAN àtijọ́, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ D2866, ó dára gan-an, orí sìlíńdà rẹ̀ pín bíi ti Howo, ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ ó máa lọ wá pààtì dé Gate n'Ìbàdàn. Actros ń dúró dáadáa ju gbogbo wọn lọ, bíréèkì ibẹ̀ ò láfiwé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnnì àti jíà. Wáyà kan tí eku jẹ, ọkọ̀ á kọ̀ láti wọ jíà, ẹ ó sì máa dúró de ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Fún ọ̀nà ọ̀dà tó gùn, ẹ rà á. Fún ọ̀nà oko, rárá.

Nǹkan kan tún wà lórí dída ẹrù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn Howo, jáàkì rẹ̀ wà níwájú, ó ń gbé e ga fíofío. Ilẹ̀ pupa tó tutù máa ń lẹ̀ sí iwájú bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ̀yìn ti dà tán, gbogbo ìwúwo á wà lókè, bí táyà ẹ̀gbẹ́ kan bá sì wọ ilẹ̀ rírọ̀, ọkọ̀ ti ṣubú nìyẹn. Bí ẹrù bá ti lẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣọ́bìrì yọ ọ́. Ẹ má fi ọkọ̀ ta síwátẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ tó rìn, ẹ yọ PTO, ìyẹn jíà tó ń yí pọ́ǹpù jáàkì, ẹ wo wáyà iná tó wà lókè orí.

Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí, Howo 371 tí kò ní kọ̀ǹpútà ni mo máa sọ, kí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ má kọjá tọ́ọ̀nù 25, kí bíréèkì rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ti ń dà mí láàmú. Àwọn tuntun tí wọ́n ń kó jáde báyìí, kọ̀ǹpútà ló pọ̀ nínú wọn, nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì wọn kò sì gba epo tí wọ́n fi kẹrosínì tàbí omi là. Tòkunbọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà náà ti ṣiṣẹ́ títí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bó bá ṣe ń lọ yìí, àwọn ọkọ̀ tí mo ní kí ẹ má rà fún ọ̀nà oko nìkan ló máa ṣẹ́kù lórí igbá. Ẹ̀yin dírẹ́bà tó ń wa èyí tó ní kọ̀ǹpútà ní apá Ìjerò tàbí Ọ̀mùò, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń sẹ́ epo dísẹ́ẹ̀lì kó tó wọ táǹkì, ta ló sì ń bá yín tún un ṣe bó bá dúró lóko?