Kì í ṣe ìpẹtà ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì o

Ẹ ṣeun fóhun tẹ́ ẹ kọ, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ní ìpẹtà ara ìṣó ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tó ń mú kẹ́nu há kára sì le, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un ṣe. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò ẹ̀ wà, ẹ̀gún lásán lè kó o wọ ara èèyàn. Àbúrò mi obìnrin bímọ lábúlé, bílééèdì tí wọn ò bọ̀ ni wọ́n fi gé ìwọ́ ọmọ, wọ́n wá fi eérú sí i. Ọmọ yẹn mu ọmú dáadáa fọ́jọ́ márùn-ún, nígbà tó di ọjọ́ kẹfà ẹnu ẹ̀ há, ọmú ń kan ètè ẹ̀ kò lè fà á, tá a bá ti fọwọ́ kàn án báyìí gbogbo ara ẹ̀ á le gbagidi, ẹ̀yìn ẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, àmọ́ wọ́n ní gìrì ni, àgbo gìrì la ń wá kiri, ká tó gbé e dé ọsibítù ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹni tó sọ pé ká sáà ti yọ́ epo pupa gbígbóná sójú egbò, rárá o! Ọṣẹ àtomi ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, torí egbò lè ti jinná kí ẹnu tó há. Kódà ẹni tó ṣe tó yè é, ó ṣì lè tún ṣe é. Aboyún, ẹ gba tiyín, ó ń dé ara ọmọ inú. Àbúrò mi gba tiẹ̀ nígbà oyún kejì, ọmọ yẹn ti wà ní praimárì 2 báyìí.