Ohun Tó Ń Ṣe Abọ́yadé

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wọ máíkírà láti Ìwó Róòdù, Bódìjà ni mò ń lọ. Ètò kan lórí rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa ìsoríkọ́, àìsàn tí òyìnbó ń pè ní depression. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta tí dẹ́rẹ́bà fi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Àrùn òyìnbó," ó ní. "Ẹni tí ò rówó epo rà, níbo ló ti fẹ́ ráyè soríkọ́?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá tó jókòó tì mí ní àwọn ọmọ ìwòyí ni wọn ò lè fara da ìyà. Mo dákẹ́, mo sanwó mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí ìjì Ọya bá jà lórí òrùlé Abọ́yadé, kì í fo ilé ọlọ́ya kejì.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé dẹ́rẹ́bà yẹn rò pé òun ń gbé Yorùbá ga ni. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ló ń tún sọ, èébú sì ni. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ J. C. Carothers, tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Nairobi láyé ìjọba amúnisìn. Ní 1953, Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọkàn ọmọ Áfíríkà jáde. Ó ní ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín wa, torí a kì í ka ẹ̀bi sí ara wa lọ́rùn. Ó tún fi wá wé òyìnbó tí wọ́n ti la orí rẹ̀, tí wọ́n ti gé apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbọ́ o! Ohun tí à ń fi yangàn nínú máíkírà nìyẹn.

Ọmọ Abẹ́òkúta ló wá gbé iṣẹ́ tó já irọ́ náà ṣe. Ọdún 1923 ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lambo. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó kọ́ ti ọpọlọ ní London, ó padà wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé láwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn máa gbọ́únjẹ fún wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú (mo mọ̀ pé èyí ò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú ìjọ wa). Òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wá wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá lọ, wọ́n ń bi àwọn èèyàn léèrè bó ṣe ń ṣe wọ́n. Ìwé wọn jáde ní 1963. Ìsoríkọ́ wà níbẹ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn oníṣègùn wa mọ àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àìsùn, àìlèjẹun, ẹkún, àárẹ̀, kí ayé súni. Orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n máa fi di gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni wọn ò ní. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tí a ò tíì sọ lórúkọ, ṣé a ó ní wọn ò bí i ni?

Lambo ló di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn níbí láti 1968 sí 1971. Àjọ tó tẹ ìwé Carothers ńkọ́? Ní 1973, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Àbúrò ìyá mi kan ń ta aṣọ òfì ní Òjé. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé ẹni tó wá ra fìlà á gbé agbádá lọ. Lọ́dún kan, ó kàn ń pẹ́ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, kò ṣí i mọ́. Kò sọ pé inú òun bà jẹ́ o. Ó ní orí òun ń gbóná, ó ní nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ orí òun bí eèrà. Oorun ò kùn ún. A ní ibà ni. A ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, a ra ti táífọ́ọ̀dù, ó mu àgbo títí. Ẹ̀gbọ́n wa kan mú un lọ sórí òkè, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, obìnrin tí oúnjẹ ò ti ń lọ lọ́fun rẹ̀ láti ọjọ́ yìí! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹ̀fà là ń kà lórí ìyá yìí ní gbogbo àkókò yẹn. Nọ́ọ̀sì kan ní ibùdó ìlera àdúgbò ló bi í léèrè pé, "Màmá, ohun tó máa ń múnú yín dùn tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń mú un dùn?" Ó bú sẹ́kún. Àwa tá a sìn ín lọ ò lè wojú ara wa.

Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó fẹ́ da oògùn nù, ó ní kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe panadọ́ọ̀lù. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó mú nǹkan, bí ara bá sì yá, a ó ṣì máa lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí i. Lọ́jọ́ tó bú mi pé mò ń nájà bí ahun ni mo mọ̀ pé ó ti dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé "ṣe bí ọkùnrin", irin ni wọ́n fi rọ ọkùnrin tiyín ni? Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin alùfáà, ẹ gbàdúrà, mo ní àmín, ṣùgbọ́n ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹni tí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ bá ti dàrú fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó fẹ́ràn ò wù ú mọ́, ẹ mú un lọ rí elétò ìlera. Èyí tó bá ní ayé sú òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ̀ ń tijú kí aládùúgbò má rí yín lẹ́nu ọ̀nà dókítà ọpọlọ, ẹ ò tijú àtidá aṣọ ẹbí òkú. Ẹ ó wá gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook, ẹ ó ní ì bá ti bá yín sọ̀rọ̀. Ó bá yín sọ̀rọ̀. Ó ní orí òun ń gbóná, ẹ̀yin lẹ ní kó lọ ra oògùn ibà.