Ewé tó bo ọ̀pẹ yín yẹn, àfòmọ́ kọ́ o

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdá yẹn sílẹ̀ ná. Gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa tí ara ọ̀pẹ wá dúdú minimini báyìí lẹ máa gbọ́ káwọn èèyàn máa pariwo pé àfòmọ́ ti bo ọ̀pẹ àwọn, pé ó ń fa omi ara ẹ̀ mu, pé kó tó pa á kí wọ́n tètè wá ẹni tó máa há a kúrò, àwọn míì á tiẹ̀ ní kí wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Irọ́ ni. Ewé gígùn tó ń fì wálẹ̀ yẹn, fern lòyìnbó ń pè é, irú ewé tí kì í yọ òdòdó ni, kò sì mu nǹkan kan lára igi.

Àfòmọ́ gidi, ẹyẹ ló ń gbìn ín. Ẹyẹ á jẹ èso ẹ̀, kóró inú ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, á wá nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, ibẹ̀ ni kóró yẹn á ti hù, á ki ara ẹ̀ bọ inú ẹ̀ka títí á fi dé ibi tí omi igi ń gbà kọjá, ìyẹn gan-an ló ń mu. Ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka sábà máa ń wú, ẹ wò ó dáadáa. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan, òótọ́ ni pé kò légbò nínú ilẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo igi náà ló ń gbà á. Kòkó, obì, ọsàn, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i, ẹ bi àwọn tó lóko kòkó lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́. Ọ̀pẹ kì í sábà bá a tan.

Fern ní tiẹ̀, ìdí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n gé kù ló ń gbé. Ewé jíjẹrà àti eruku á kó sí àlàfo ibẹ̀, òjò á rin ín, á di ilẹ̀. Inú ìdọ̀tí yẹn ni gbòǹgbò fern wà, kò wọnú ọ̀pẹ. Ẹ fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò tín-ín-rín ló máa jáde tòun ti ìdọ̀tí, kò ní sí ojú ọgbẹ́ kankan lára ọ̀pẹ. Tí ọ̀pẹ bá wá dàgbà tí ìdí imọ̀ yẹn já bọ́, fern náà á bá a já bọ́ ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹ̀yìn ewé. Ẹ yí i padà, ẹ máa rí àmì róbótó-róbótó kéékèèké, pupa rúsúrúsú, tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n á ní àrùn ni, àbí ẹyin kòkòrò, wọ́n á sáré lọ ra oògùn apakòkòrò. Ẹ gbà mí o, ibẹ̀ ni irú ẹ̀ wà! Fern kì í yọ òdòdó, kì í so èso, inú àwọn àmì yẹn ni eruku kíkúnná tó ń di fern míì wà, tó bá gbó á bú, atẹ́gùn á gbé e lọ. Àmì yẹn náà la sì fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Èyí tó pọ̀ jù lára ọ̀pẹ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Nephrolepis biserrata, ewé kéékèèké ló tò sí ọ̀tún àti òsì igi ewé ẹ̀, àmì náà sì tò nítòsí etí ewé kọ̀ọ̀kan. Nephrolepis undulata jọ ọ́ gan-an, àmọ́ ìyẹn máa ń ta iṣu kéékèèké nídìí, ẹ̀ẹ̀rùn á pa ewé ẹ̀, òjò á tún jí i. Phymatosorus scolopendria, ewé ẹ̀ ò pín tán, ó kàn là ni, àmì ẹ̀ tóbi, ó sì rì wọnú ewé débi pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa ojú ewé lókè ẹ máa mọ̀ ọ́n. Platycerium ò tiẹ̀ ní àmì róbótó kankan, àbàwọ́n rúsúrúsú kan ló tẹ́ sẹ́yìn ewé ẹ̀, ó tún ní ewé míì tó ti gbẹ tó lẹ̀ mọ́ ara igi, wọ́n á ní ó ti ń kú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tìyẹn ni pé kó máa gba ìdọ̀tí àti omi dúró fún gbòǹgbò. FRIN, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa igbó, tó wà ní Jẹ́ríkò níbí, ní ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ oríṣiríṣi pamọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ẹni tó ń gùn ún kọ ẹyìn lè ní kí wọ́n há a kúrò kóun lè ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀, ejò náà lè sá sí i, ìyẹn yé mi. Àmọ́ àdá tó bá ṣá ara ọ̀pẹ, òórùn ọgbẹ́ yẹn ló ń pe kòkòrò ọ̀pẹ dúdú tó lẹ́nu gígùn un nì, ìdin ẹ̀ á wá máa jẹ inú ọ̀pẹ lọ, ọ̀pẹ á sì kú, fern á tún gba ẹ̀bi ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń já a lára ọ̀pẹ lọ sè bí àgbo àfòmọ́, ewé míì pátápátá lẹ sè yẹn o.

Tó bá wá jẹ́ pé orí ọsàn tàbí obì yín ni, tẹ́ ẹ sì rí ibi tó wú, àfòmọ́ ni lóòótọ́. Ẹ má kàn já ewé ẹ̀, á tún rú. Ẹ gé ẹ̀ka yẹn láti ìsàlẹ̀ ibi tó wú, kí èso ẹ̀ tó pọ́n, káwọn ẹyẹ tó dé.