Ta ló fi iyọ̀ sanwó fún ṣọ́jà Róòmù?

Ọ̀rọ̀ yìí ti rin orí ayélujára títí: pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn ṣọ́jà Róòmù àtijọ́, pé ibẹ̀ ni owó oṣù ti gba orúkọ tí òyìnbó ń pè é, salary. Èmi náà ti sọ ọ́ fáwọn èèyàn rí, mo sì fọwọ́ sọ̀yà. Irọ́ ni.

Ká má purọ́ mọ́ irọ́ o: ọ̀rọ̀ náà bá iyọ̀ tan. Sal ni iyọ̀ lédè Látìnì, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ salarium, owó tí ìjọba ń san fún gómìnà, oníṣègùn àtàwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló di salario lẹ́nu ará Ítálì àti Sípéènì, salário lẹ́nu àwọn Potogí, salaire lẹ́nu Faransé. Ṣùgbọ́n bí baálé ilé bá fún ìyàwó rẹ̀ lówó ọbẹ̀, ṣé ọbẹ̀ ló bù sí i lọ́wọ́ ni?

Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù tó kú nígbà tí òkè Vesuvius, òkè ayọnáyèéfín ní Ítálì, bú lọ́dún 79, ni wọ́n máa ń pè lẹ́lẹ́rìí. Ohun tó kọ ni pé iyọ̀ wọ ọ̀rọ̀ ipò ọlá àti iṣẹ́ ogun, pé ibẹ̀ ni salarium ti gba orúkọ. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni gba iyọ̀ lówó iṣẹ́.

Stipendium lorúkọ owó ṣọ́jà, owó onírin gidi sì ni. Láyé Augustus, olú ọba Róòmù, 225 denarius, ìyẹn owó fàdákà wọn, ni lọ́dún. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣọ̀tẹ̀ lọ́dún 14, Tacitus, òpìtàn Róòmù, kọ ẹ̀hónú wọn sílẹ̀: as mẹ́wàá (owó bàbà kékeré ni as) lóòjọ́ ni wọ́n dá lé ẹ̀mí àti ara àwọn, nínú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń yọ owó aṣọ, ohun ìjà àti àgọ́. Iyọ̀ dà níbẹ̀? Títí dòní, stipendio ni ará Ítálì ń pe owó oṣù.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni solidus, owó wúrà tí Constantine, olú ọba Róòmù, gbé jáde. Ó di sueldo, owó oṣù, ní Sípéènì. Ẹni tó ń jagun gbowó wá di soldato, soldado, soldat. Láti ẹnu Faransé ló ti bọ́ sẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ká tó sọ ọ́ di ṣọ́jà. Owó ló wà nínú orúkọ ṣọ́jà.

Ẹni tó bá ṣì ń wá iyọ̀, kó wò ó nínú sáláàdì. Ohun tí wọ́n fi iyọ̀ sí ni ìtumọ̀ ìyẹn ní tòótọ́.