Ẹ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ náà ní máìkì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ẹni tí Ọlọ́run ti dá lóhùn nìkan la máa ń fún ní máìkì. Tó bá di àsìkò ẹ̀rí, ẹni tó bímọ á bọ́ síwájú, ẹni tó ríṣẹ́ á bọ́ síwájú, gbogbo wa á ké "Halelúyà", a ó jó, a ó yọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, mi ò ní ká má ṣe é. Ṣùgbọ́n arábìnrin tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ látọjọ́ pípẹ́, tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà wo ni tirẹ̀? Ìgbà wo ló máa ráyè sọ pé, "Ẹ gbàdúrà fún mi, ó ti ń rẹ̀ mí"? Tó bá tiẹ̀ sọ ọ́, ohun tí yóò gbọ́ ni, "Sístà mi, ẹ má jẹ́wọ́ ibi o. Ẹ lo ìgbàgbọ́ yín." Ó tán. Ìṣòro tó gbé wá ṣì wà lórí rẹ̀, a sì tún di ẹ̀bi lé e.

Bíbélì ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà tí iná Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn àdúrà rẹ̀ ní òkè Kámẹ́lì ló sá wọ aginjù, tó jókòó sábẹ́ igi, tó ní kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó dé bá a kò bá a wí. Àkàrà orí ẹyín iná àti omi ló gbé fún un: "Dìde, jẹun." Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà tún padà wá, ó ní kó jẹun sí i, nítorí ìrìn náà jìn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an ni. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni nǹkan bà jẹ́.

Tómásì ńkọ́? Ó sọ lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn yòókù pé òun ò ní gbàgbọ́ pé Jésù ti jíǹde àfi tóun bá fọwọ́ kan àpá ìṣó. Wọn ò lé e. Nígbà tí Jésù tún fara hàn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, àárín wọn ló ti bá Tómásì.

Àwọn bàbá àti ìyá wa nínú ìgbàgbọ́ mọ èyí. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa èèyàn káàkiri, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Bàbá J. B. Ṣadáre wà níbẹ̀, Sophia Ọdúnlámì tó jẹ́ tíṣà náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Wọn ò dúró kí àrùn kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó wá pé jọ dúpẹ́. Nínú ewu gan-an ni wọ́n ti di ara wọn mú, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ti wá.

Lónìí, ẹsẹ Bíbélì la máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ò rí ní ìsìn mọ́, ẹ pè é, kó gbọ́ ohùn yín. Ẹ yà sílé rẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà, ẹ gbé e dání.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn ni pé, kí ẹ tó pe àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ fún àwọn tó ṣì wà nínú ìṣòro láyè díẹ̀, ó kéré tán níbi ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀ tí a kì í ti pọ̀. Kí wọ́n sọ ọ́, kí ará gbé ọwọ́ lé wọn, kí ẹnikẹ́ni má wàásù sí wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á kó àìgbàgbọ́ ran àwọn ọmọ ìjọ. Ẹ wo bàbá ọmọ tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú nínú Máàkù 9. Níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi omijé ké sí Jésù pé, "Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù ò ní kó lọ kọ́ ìgbàgbọ́ sí i kó tó padà wá. Ó wo ọmọ náà sàn lójú ẹsẹ̀.